Ta ló ń yan ìwé tó di òdiwọ̀n? Ẹ bá mi dá ọmọ kan lóhùn

Olùkàwé_Òru

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ ìkàwé wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, èmi ni wọ́n sì ní kí n to ìwé 12 tí a ó kà, ọ̀kan lóṣù. Mo to àwọn tí a ti ń gbọ́ orúkọ wọn tipẹ́: eré àwọn Gíríìkì, Ìwé Jóòbù, Dante, Shakespeare, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kéré jù nínú wa, ọmọ ọdún 17, kà á tán, ó wojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ti yan àwọn wọ̀nyí kó tó kàn yín?”

Mo ní àkókò ló yàn wọ́n. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé mi ò tíì dá a lóhùn. Àkókò ò lè mú kálámù dání. Ẹnì kan ló mú un. Ta ni? Kí ló sì rí kó tó ní “èyí wọlé, ìyẹn kò wọlé”? Bóyá ìwé mímọ́ ni, bóyá ère àti àwòrán àtijọ́ ni, bóyá lítíréṣọ̀ ni, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún mi. A ó tún pàdé lọ́jọ́ Sátidé, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn lásán tan ọmọ náà.

Ọmọ_Òkúta

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Kánọ́nì, orúkọ tí wọ́n ń pe àtòjọ iṣẹ́ tó ti di òdiwọ̀n lónìí, èdè Gíríìkì ni. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gún gbọọrọ ni, bí ìfefe, tí àwọn kọ́lékọ́lé ń gbé ti ògiri láti mọ̀ bóyá ó tọ́ tàbí ó wọ́. Ìtumọ̀ “àtòjọ” ò tíì sí níbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pá ìwọ̀n ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 440 ṣáájú ìbí Kristi, agbẹ́gilére kan ní Gíríìsì, Polykleitos (idẹ ló ń rọ ní tòótọ́, kì í ṣe igi), rọ ère ọkùnrin kan tó gbé ọ̀kọ̀ lé èjìká, ó sì kọ ìwé kan tó pè ní Kánọ́nì. Ó fẹ́ fi hàn pé ẹwà ara ní ìṣirò: bí ìka kan ṣe tó sí ìka kejì, bí gbogbo ìka ṣe tó sí àtẹ́lẹwọ́, bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe tó sí apá. Galen, oníṣègùn nì, ló ròyìn èyí fún wa, nítorí ìwé náà ti sọnù. Ère idẹ náà ti sọnù pẹ̀lú. Èyí tí à ń wò lónìí, ẹ̀dà òkúta mábù tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn ará Róòmù ni. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn jáde láti Pompeii, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Naples.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pá ìwọ̀n ti ṣẹ́, ohun tí wọ́n fi í wọ̀n ló kù sí wa lọ́wọ́. Nígbà tí ó fi máa tó ọgọ́rùn-ún ọdún, Lysippos, agbẹ́gilére mìíràn, ti dé, ó dín orí ère kù, ó mú ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, àwọn èèyàn sì gba iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Àwọn ará Íjíbítì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn: wọ́n á fa ìlà sí ara ògiri bí àwọ̀n, ihò 18 láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀, ayàwòrán á sì ya èèyàn sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di 21. Lọ́dọ̀ àwa oníṣẹ́ ọwọ́, ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni kánọ́nì. Inú ọwọ́ ló ń gbé.

Afìwéṣọ̀rẹ́

Nítorí náà “òdiwọ̀n” ni ká máa pè é ní èdè wa. Mo ti rí ẹni tó pè é ní “àṣàyàn,” ṣùgbọ́n ohun tí a ṣà lè jẹ́ tàná. Òdiwọ̀n ni ohun tí a fi ń wo òmíràn.

Bàbá_Akọ̀wé

Olùkàwé, ọmọ mi, ìbéèrè ọmọ yẹn dára. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí apá ti ìwé mímọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ rò pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan jókòó lọ́jọ́ kan, wọ́n dìbò, Bíbélì sì jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó to ìwé kan jọ tó ní “èyí nìkan,” Marcion ni, ní nǹkan bí ọdún 144, ìjọ sì lé e jáde. Ìhìnrere Lúùkù tí ó gé kúrú àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá ló mú, ó sì ju gbogbo Májẹ̀mú Láéláé nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin, Eusebius kọ ìtàn ìjọ, ó pín àwọn ìwé sí ọ̀nà: àwọn tí gbogbo ìjọ gbà, àwọn tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, àti àwọn tí wọ́n kọ̀. Lẹ́tà Jákọ́bù àti Júúdà wà lára àwọn tí wọ́n ń jiyàn lé. Ní ti Ìfihàn, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì! Àgbà òǹkọ̀wé jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí. Mo bọlá fún un fún ìyẹn.

Ọdún 367 ni Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ lẹ́tà Ọdún Àjíǹde rẹ̀, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń kà á lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí i: Ẹ́sítérì kò sí lára ìwé òdiwọ̀n nínú lẹ́tà kan náà. Ó fi í sára àwọn ìwé tó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Àwọn Júù náà jiyàn tiwọn. Ó wà nínú Míṣínà, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù, pé àwọn àgbà fa ọ̀rọ̀ lórí Oníwàásù àti Orin Sólómọ́nì, bóyá wọ́n jẹ́ mímọ́ tàbí wọn ò jẹ́ ẹ. Rábì Akiva dìde, ó ní gbogbo ìwé náà ló mọ́, ṣùgbọ́n Orin Sólómọ́nì ni mímọ́ jù lọ nínú ohun mímọ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àtòjọ ló kẹ́yìn dé. Àwọn èèyàn ti ń kà wọ́n níwájú ìjọ, wọ́n ti ń kọrin wọn, wọ́n ti ń sun ẹkún lé wọn lórí, kí ẹnikẹ́ni tó kọ àtòjọ.

Adánilójú

Bàbá, ẹ má bínú, mo fi ọ̀wọ̀ ta kò yín. Bíṣọ́ọ̀bù tó kọ “ìwọ̀nyí nìkan,” ó ń dí ẹnu ẹlòmíràn ni. Athanasius fúnra rẹ̀ sọ nínú lẹ́tà yẹn pé ìwé àwọn aládàámọ̀ ni àwọn tó kù. Ẹni tó bá ní àga ló ní àtòjọ. Lọ́dún 1546, ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, fi òfin fìdí àtòjọ tiwọn múlẹ̀, torí pé Luther, tó ya kúrò lọ́dọ̀ wọn, ti ń tún tirẹ̀ tò: nínú Májẹ̀mú Tuntun tó tẹ̀ lọ́dún 1522, ó kó Hébérù, Jákọ́bù, Júúdà àti Ìfihàn sẹ́yìn pátápátá, kò tilẹ̀ fún wọn ní nọ́ńbà nínú àtòjọ. Agbára lòdì sí agbára ni. Ohun tó yẹ kí ọmọ yẹn gbọ́ nìyẹn, kò sì yẹ ká rọ̀ ọ́ fún un.

Bàbá_Akọ̀wé

Adánilójú, mi ò bínú. Agbára wà níbẹ̀, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe ń kùnà. Luther pe lẹ́tà Jákọ́bù ní lẹ́tà koríko gbígbẹ, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì tirẹ̀ títí dòní, torí pé àwọn tó ń kà á ò jẹ́ kó lọ.

Èyí tó tilẹ̀ wù mí jù ni ti Énọ́kù. Júúdà, ìwé kékeré yẹn, fa ọ̀rọ̀ Énọ́kù yọ ní ẹsẹ 14 àti 15. Ìwé Énọ́kù yìí kò sí nínú òdiwọ̀n àwọn Júù, kò sí nínú ti Róòmù, kò sí nínú ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ó pòórá lójú ayé Yúróòpù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìjọ Etiópíà nìkan, tó ka ìwé 81 sí Bíbélì rẹ̀, ló ń dà á kọ ní Ge'ez, èdè àtijọ́ wọn, ẹ̀dà kan tẹ̀ lé òmíràn, láìdúró. Ọdún 1773 ni arìnrìn-àjò kan, James Bruce, gbé ẹ̀dà rẹ̀ padà dé Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ihò àpáta Qumran láyé òde òní, àjákù Énọ́kù ní èdè Árámáíkì wà níbẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ti Ge'ez nìkan ló pé pérépéré. Bí Etiópíà bá ti gbọ́ ti àwọn alága, kí ni à bá kà?

Alfa_Kékeré

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ní ti Al-Kùránì, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀: àsìkò Uthman, kálífà kẹta, tó jẹ́ alákòóso láti 644 sí 656, ni wọ́n ti fi ẹ̀dà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá, kíákíá ni ọ̀rọ̀ sì dúró síbì kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ rí bí ìwé ṣe ń gorí àga díẹ̀díẹ̀, ẹ wo Hádíìsì, ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì. Nínú àwọn tó kó o jọ sínú ìwé, Bukhari kú lọ́dún 870, Muslim kú lọ́dún 875. Kò sí kálífà tó pàṣẹ pé kí ìwé wọn ṣíwájú. Àwọn onímọ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń fi kọ́ ọmọ, wọ́n ń tọ́ka àléébù ibì kan, wọ́n ń gbèjà ibòmíràn, títí àwọn ìwé méjì yẹn fi dúró ṣinṣin. Ìwé mẹ́fà ni a máa ń kà pọ̀. Lórí ẹ̀kẹfà, ẹnu ò kò fún ìgbà pípẹ́: àwọn kan mú ti Ibn Majah, àwọn kan ní Muwatta ti Málíkì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, iyàn jíjà ló mú kí àwọn tó wọlé lágbára.

Ìwé_Àtijọ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì, Bàbá àti Adánilójú, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé yálà ìfẹ́ àwọn èèyàn tàbí agbára ọba ló pa ìwé mọ́. Ẹ gbàgbé òjò. Ẹ gbàgbé ikán àti iná.

Sophocles kọ eré tó lé ní 120. Méje ló kù. Aeschylus, méje. Euripides, 19, wọ́n sì ń jiyàn lórí ọ̀kan nínú rẹ̀. Kí ló dé tí ti Euripides fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn olùkọ́ ti mú eré mẹ́wàá rẹ̀ láti máa fi kọ́ ọmọ ilé ìwé. A lè pe ìyẹn ní òdiwọ̀n. Mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́? Ẹ to orúkọ wọn ní èdè Gíríìkì, ẹ ó rí i pé láàárín lẹ́tà E sí K ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹnì kan ní gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tò ní a-b-d, ìpín kan nínú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú, ìyókù sì bá ibi tó bá lọ. Lára àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni eré Cyclops wà (lẹ́tà K ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní Gíríìkì). Gíríìkì ní irú eré apanilẹ́rìn-ín kan tí wọ́n ń ṣe tẹ̀ lé eré ọ̀fọ̀, èyí nìkan ló kù lódindi nínú gbogbo irú rẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tó yàn án. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ló gbà á là.

Kí ẹ tó ní ṣebí ẹni tó bá ti wọ àtòjọ ti bọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sappho. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ìkàwé Alẹkisáńdíríà yan akéwì olórin mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí àwọn tó yẹ ní kíkà. Obìnrin yìí wà nínú wọn. Wọ́n kó ewì rẹ̀ jọ, wọ́n ṣe é lẹ́sẹẹsẹ. Lónìí, ewì kan ṣoṣo ló kù tó pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tó fi ké pe Áfúródáítì, òrìṣà ìfẹ́, ó sì kù nítorí pé olùkọ́ kan, Dionysius ará Halicarnassus, dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀ láti fi hàn bí gbólóhùn ṣe ń yọ̀ lórí ahọ́n. Àwọn yòókù jẹ́ àjákù: ìlà kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú rẹ̀ lára bébà pàpírọ́ọ̀sì tí wọ́n wú jáde nínú òkìtì ààtàn Oxyrhynchus ní Íjíbítì. Mo máa ń ka àjákù wọ̀nyẹn. Ẹ ó kà dé àárín gbólóhùn, ihò. Ọkàn èèyàn á kàn dúró níbẹ̀.

Ó wà nínú àtòjọ, wọ́n pàdánù rẹ̀. Cyclops ò sí nínú àtòjọ, ó wà. Nítorí náà, Olùkàwé, tí ọmọ yẹn bá tún béèrè ẹni tó yàn wọ́n, ẹ sọ fún un nípa adàwékọ. Awọ ẹran wọ́n, iná fìtílà kò tó, ìwé kan lè gba oṣù púpọ̀. Ẹni tó jókòó ti ìwé kan ní alẹ́ ọjọ́ kan, tó ní “mo ní láti da èyí kọ kó má baà bàjẹ́,” òun ló yàn. A ò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ wọn.

(Ohun kékeré kan: àwọn ará Alẹkisáńdíríà ò pe àtòjọ wọn ní kánọ́nì. Ọ̀mọ̀wé kan, David Ruhnken, ló fún un ní orúkọ yẹn lọ́dún 1768, ó yá a lọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́.)

Afìwéṣọ̀rẹ́

Ìwé_Àtijọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. Shakespeare náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀nà yẹn lọ. Ó kú lọ́dún 1616. Ọdún 1623 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ṣe eré, Heminges àti Condell, kó eré 36 jọ sínú ìwé kan. Méjìdínlógún nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ wọ́n rí, Macbeth wà níbẹ̀. Ẹni méjì péré.

Adánilójú

Mo gbà. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti ka ti Sappho, ó dùn mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n di ibì kan mú nínú ọ̀rọ̀ mi. Adàwékọ máa ń da ohun tí wọ́n ń bi èèyàn nínú ìdánwò kọ. Ní Ṣáínà, onímọ̀ kan, Zhu Xi, yọ ìwé mẹ́rin sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Méjì nínú wọn, orí kan péré ni kálukú wọn tẹ́lẹ̀ nínú ìwé ńlá kan tó dá lórí ìlànà ìṣe. Nígbà tó kú lọ́dún 1200, ìjọba ti fòfin de ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1313, ààfin pàṣẹ pé ìwé mẹ́rin yẹn àti àlàyé rẹ̀ ni wọn ó máa fi ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọba. Ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pa ìdánwò náà rẹ́ lọ́dún 1905. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ di aláṣẹ ní láti há a sórí. Ó tó ẹgbẹ̀ta ọdún dín díẹ̀! Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ló wá di òdiwọ̀n, ẹni tó sì sọ ọ́ di òdiwọ̀n ni ẹni tó ní ipò láti pín.

Nítorí náà, ọwọ́ adàwékọ ni, mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó fún ọwọ́ náà?

Ìwé_Àtijọ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mi ò ní ìdáhùn tó máa pa á.

Ìràwọ̀_Òwúrọ̀

Ayàwòrán ni mí, mo sì ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Judith Leyster. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, ó wá kàn mí.

Haarlem ní Nẹ́dálándì ló ti ṣiṣẹ́. Wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà lọ́dún 1633, obìnrin láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ó kú lọ́dún 1660, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Àmọ́ àwọn àwòrán rẹ̀ ò parẹ́. Wọ́n wà lára ògiri àwọn olówó àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn èèyàn ń wò wọ́n, wọ́n ń mí kanlẹ̀, wọ́n ní “ẹ wo ọwọ́ Frans Hals!”, ọkùnrin ayàwòrán olókìkí ìlú kan náà. Ọdún 1893 ni Hofstede de Groot, onímọ̀ ìtàn àwòrán, yẹ ọ̀kan tí wọ́n ti tà gẹ́gẹ́ bí ti Hals wò, ó bá àmì kan: J àti L tí wọ́n so pọ̀, ìràwọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Leyster, ìràwọ̀ tó ń tọ́ni sọ́nà ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn. Ó ti fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kun ún.

Ẹ rò ó wò. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú òdiwọ̀n fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì. Orúkọ rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ obìnrin ò tó ìwọ̀n ni wọn ò fi rí i. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó tó, wọ́n wá fún ọkùnrin ní ìyìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìtàn yìí, tí mo bá dé iwájú àwòrán kan, igun ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ọmọ_Òkúta

Ìràwọ̀, ẹ ṣeun. Mi ò mọ èyí rí.

Olùkàwé_Òru

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ọlọ́run á fún yín lókun. A ti pàdé lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò ka àtòjọ. Mo ka Sappho fún wọn, èyí tó pé, lẹ́yìn náà àwọn àjákù, mo sì ń dákẹ́ ní gbogbo ibi tí bébà ti ya. Nígbà tí mo dákẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta, wọn ò mí mọ́. Mo wá sọ fún wọn nípa ìwé mẹ́sàn-án tí lẹ́tà E sí K gbà là, nípa àwọn tó ń da Énọ́kù kọ nígbà tí gbogbo ayé ti gbàgbé rẹ̀, nípa J àti L àti ìràwọ̀. Mi ò fi ti Adánilójú pamọ́. Mo sọ ti ìdánwò Ṣáínà fún wọn, ọkùnrin àgbà kan nínú ẹgbẹ́ sì jiyàn lé e títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti yí àtòjọ padà. Jóòbù dúró, Sophocles dúró, torí pé mo fẹ́ràn wọn, mo sì ti lè sọ ìdí rẹ̀ ní ẹnu ara mi báyìí. Mo yọ ìwé méjì tí mo fi síbẹ̀ kìkì nítorí orúkọ wọn, tí èmi fúnra mi ò kà parí rí. Énọ́kù gba ààyè ọ̀kan. Ààyè kejì, oṣù kẹjọ, mo fi fún ọmọ náà pé kó fi ohun tó bá wù ú síbẹ̀.

Mo rò pé á dárúkọ ìwé kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó mú kálámù, ó wo ààyè náà, ó gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì, òun fẹ́ kọ́kọ́ tún èyí tó wà lọ́kàn òun kà.